Ọjọ́ Kìn-ín-ní Sáà: Ohun Tí Ojú Mi Ti Rí Nídìí Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń lọ sópin, tí oòrùn Amẹ́ríkà ṣì ń jó ni lára, ni wèrè àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì máa ń dé. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mò ń wí o. Èyí tó rí bí ẹyin ni, tí wọ́n ń gbé sáyà sáré, tí ẹni 11 ń dojú kọ ẹni 11, tí ẹgbẹ́ kan sì ní àǹfààní mẹ́rin péré láti fi rìn yáàdì 10. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ ìyà ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n máa retí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni mo kọ èyí fún, kó má bàa fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ra ìbànújẹ́ bíi tèmi.

Láyé ọjọ́un, ìrètí mi ni pé ká borí, ká sì borí pẹ̀lú 40 sí òdo. Ní báyìí, ohun tí mò ń fẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tí center, ẹni àárín ìlà iwájú, bá jù sẹ́yìn dé ọwọ́ quarterback, ẹni tó ń darí eré, kó má fò ré e kọjá. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀tá gbé e ṣubú. Kí ẹni 11 wà lórí pápá, kó má ṣe 10, kó má ṣe 12. Bí mo bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ká tilẹ̀ pàdánù.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ba tèmi jẹ́ ni pé mo máa ń gba ọ̀rọ̀ oṣù Kẹjọ gbọ́. Kò sí kóòṣì tí kì í sọ ní oṣù Kẹjọ pé àwọn ọmọ òun ti sanra, wọ́n ti lágbára, wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn ju ti èṣí lọ. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnì kan wí pé center òun ò tíì mọ bọ́ọ̀lù jù sẹ́yìn. Ìdánrawò gbangba tí wọ́n ń ṣe nígbà ìrúwé náà tàn mí jẹ dáadáa. Ẹgbẹ́ kan ló pín ara rẹ̀ sí méjì tó ń bá ara rẹ̀ gbá, quarterback sì wọ aṣọ àwọ̀ mìíràn kí ẹnikẹ́ni má bàa fara kàn án. Bí ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bá sá yáàdì 60 lọ́jọ́ yẹn, ṣé òun ló yára ni, àbí àwọn tó yẹ kó dá a dúró ni ò mọṣẹ́? Ẹgbẹ́ tèmi náà làwọn méjèèjì. Mo pariwo, mo jó, n ò mọ̀ pé orí ara mi ni mò ń jó lé.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Àwọn tó ń gbá a jẹun, ìyẹn NFL, máa ń gbá eré ìgbáradì pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ò ní irú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ ọdún 19 yóò gbìyànjú láti gbé àlejò ṣubú, eré tó wọ àkọsílẹ̀ ni, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àsìkò ìmúrasílẹ̀ náà lófin tirẹ̀. Àṣíborí nìkan ni wọ́n ń dé láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ti èjìká kún un, kí wọ́n tó wá wọ gbogbo rẹ̀ pé. Láti 2021, ìgbà 9 péré ni wọ́n lè fi wọ gbogbo ìhámọ́ra nínú ìmúrasílẹ̀ yìí, ìgbà 18 ni ìdánrawò tó ní ìfarakanra kò sì gbọdọ̀ jù. Nítorí orí àwọn ọmọ náà ni wọ́n ṣe òfin yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kì í fi í tíì le bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá dé.

Gbígbé ọ̀tá ṣubú ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í wo ojú ẹni tó ń bọ̀, kì í wo èjìká rẹ̀, ìbàdí ló ń wò. Orí lè purọ́, èjìká lè purọ́, àmọ́ ibi tí ìbàdí bá kọjú sí ni gbogbo ara ń lọ. Ẹni tó bá ti ja ẹkẹ rí nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Yóò sáré sún mọ́ ọn. Bó bá ku bíi yáàdì 3, yóò gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, yóò tẹ orúnkún. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀tá ni yóò gbé síwájú, èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò fi kàn án, orí á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú á wà lókè. Apá méjèèjì á wá yí i ká, á fún un pinpin, ẹsẹ̀ ò sì ní dúró títí ọ̀tá yóò fi kanlẹ̀.

Ohun tí mo máa ń rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yàtọ̀ pátápátá. Olùgbèjà á sáré dé tòsí, ẹsẹ̀ á dúró, á wá na apá bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ. Adìyẹ náà á sì bọ́. Ibi tó yẹ kó parí sí yáàdì 4 á di 40. Òmíràn á fi èjìká nìkan kọlù ú láìlo apá, torí ó fẹ́ kí pápá hó; ẹni tí wọ́n kọlù á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á dúró, á tún máa sá lọ. Èyí tó burú jù ni ẹni tó tẹ orí ba tó fi àtàrí àṣíborí lu èèyàn. Ìyà yáàdì 15 nìyẹn, wọ́n á sún bọ́ọ̀lù síwájú tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tá, wọ́n á tún lé e jáde. Títí di sáà 2025, bó bá jẹ́ ní ìdajì kejì eré ló ṣe é, kì í gbá ìdajì àkọ́kọ́ eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lè pàdánù rẹ̀ nínú eré méjì nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo máa ń bínú sí àwọn ọmọ yìí tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo mọ ohun tó fà á. Nínú ìdánrawò, wọn kì í gbé ara wọn ṣubú. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n á kàn án gbì, wọ́n á sì jẹ́ kó kọjá, torí kóòṣì ò fẹ́ kí asáré òun kán lẹ́sẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí ọwọ́ fi kọ́ láti dáwọ́ dúró bó bá ti kan ara ọ̀tá, báwo ni yóò ṣe gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ẹgbẹ́ tó bá ní àpò ńlá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ láti gbé èèyàn ṣubú lé lórí, tó sì ń lò ó lójoojúmọ́, àṣìṣe wọn kì í pọ̀ tó ti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ center. Òun ló tẹ̀ ba níwájú bọ́ọ̀lù, gbogbo ìgbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn án, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ àfi ọjọ́ tó bá bà á jẹ́. Quarterback sábà máa ń dúró ní bíi yáàdì 5 sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù bá a ni àárín ìdodo sí àyà. Bó bá ga dé iwájú orí, ojú quarterback á kúrò lára àwọn olùgbèjà, ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ á ti sáré kọjá ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí, àǹfààní náà ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọlù ú. Bó bá lọ sílẹ̀ ju orúnkún lọ, bákan náà ni. Ooru oṣù Kẹjọ ló ń dá kún un: òógùn ń ti ìgúnpá ṣàn dé ọwọ́, ó ń ti ẹ̀yìn ṣàn dé ìdí, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀. Center tó gbọ́n á so tówẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí, á pààrọ̀ aṣọ inú bí wọ́n bá sinmi. Ẹ tètè dé pápá. Tó bá ku bí ogójì ìṣẹ́jú kí eré bẹ̀rẹ̀, center á máa dán an wò pẹ̀lú quarterback. Ẹ ka 10. Bí 2 bá ṣìnà níbẹ̀ tí ariwo ò sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì dojú kọ ọ́, ẹ di ọkàn yín le.

Orúkọ wa náà wà nídìí iṣẹ́ yìí o. Olusegun Oluwatimi ni center Yunifásítì Michigan ní 2022. Virginia ló ti wá síbẹ̀, lọ́dún yẹn náà ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ Rimington tí wọ́n ń fún center tó dára jù lọ, ó tún gba Outland mọ́ ọn. Bí àbúrò yín bá ń wí pé àárín ibẹ̀ yẹn ò lógo, ẹ sọ ìyẹn fún un.

Bí eré bá wá jẹ́ ní ilé onílé, ariwo á dé. Wọn ò ní gbọ́ ohùn quarterback mọ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ center á bojú wẹ̀yìn, quarterback á gbé ẹsẹ̀, ẹni náà á fọwọ́ tọ́ center, center á gbé orí sókè, á tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, lẹ́yìn àkókò tí wọ́n ti fẹnu kò sí ni bọ́ọ̀lù á kúrò nílẹ̀. Àwọn méjì tó wà ní ìkangun ìlà, tí wọ́n ń ṣọ́ olùgbèjà tó yára jù, ló máa ń kánjú ṣí ẹsẹ̀. Ìyà yáàdì 5. Yáàdì 10 á di 15. Ẹni tí ò bá mọ bọ́ọ̀lù yìí á wí pé kí ni yáàdì 5 jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wo iye ìgbà tí àǹfààní mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15 máa ń parí sí fífi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nù.

Ọ̀rọ̀ fífi ẹsẹ̀ gbá a yìí ló wá dùn mí jù, torí àsìkò yẹn gan-an ni mo máa ń dìde lọ tọ̀ tàbí lọ ra omi. Ẹ má ṣe bíi tèmi! Ibẹ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà ti ń pa èèyàn.

Ẹ wo 4 oṣù Kẹsàn-án 2022, LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) àti Florida State, nílùú New Orleans. Ìgbà méjì ni punt, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá fi ẹsẹ̀ gbá nù, bọ́ lọ́wọ́ LSU tí ọ̀tá sì mú un. Wọ́n tún dí bọ́ọ̀lù kan tí LSU fẹ́ gbá wọ àárín òpó. Síbẹ̀síbẹ̀, LSU rìn yáàdì 99, ó gba touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí ọ̀tá, nígbà tí aago ti dé òdo, ó wá di 24 sí 23. Ayò kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn touchdown ló kù kó dọ́gba. Yáàdì 3 ni wọ́n ń gbé e sí ní yunifásítì, kò ju gbígbá yáàdì 20 lọ, ọmọ iléèwé girama ń gbá a wọlé. Wọ́n dí i. Eré parí. Kò síbi tí ẹ ti lè tọ́ka sí pé Florida State lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì. Ọwọ́ tó ń gba bọ́ọ̀lù àti ara tó ń dí ọ̀nà ló ja LSU kulẹ̀.

Gbígba punt ní ìlànà tirẹ̀. Kí ẹsẹ̀ dé abẹ́ bọ́ọ̀lù kí bọ́ọ̀lù tó dé, ẹni tó bá ṣì ń sáré tó fi na ọwọ́ ló ń jẹ́ kó bọ́. Ìgúnpá méjèèjì á sún mọ́ra bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, bọ́ọ̀lù á bọ́ sáyà, kò gbọdọ̀ jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Kó gbé gìgísẹ̀ lé ìlà yáàdì 10, bí bọ́ọ̀lù bá sì kọjá lórí rẹ̀, kó fi sílẹ̀, torí bó bá wọ ẹ̀yìn ìlà ìparí, yáàdì 20 ni wọn óò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ń sá sẹ́yìn dé yáàdì 5 lọ gbà á, ìgboyà kọ́ nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá kúrú, kó pariwo fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yàgò, torí bó bá kan gìgísẹ̀ ẹnì kan nínú wọn, ọ̀tá lè mú un.

Gbígbá a wọ àárín òpó ńkọ́? Ẹni tó ń dì í mú wà ní bíi yáàdì 7 sẹ́yìn. Látìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi kàn án, ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ ni, bíi 1.3. Àwọn tó wà níwájú ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ inú sínú ti ẹnìkejì wọn, wọ́n á tì í pa bí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá fẹ́ gba ìta á rìn jìnnà. Ẹni tó bá bojú wo ìta tó sì ṣí àárín sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ á ti yọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá tí kò tètè ròkè náà ń fa èyí.

Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí Michigan lọ́jọ́ tí gbogbo wa mọ̀, 1 oṣù Kẹsàn-án 2007. Ipò karùn-ún ni wọ́n wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Appalachian State wá láti ìpele tó kéré sí tiwọn, ẹgbẹ́ tí wọ́n sanwó fún kó wá jìyà lójú èèyàn tó lé ní 109,000. Ayò jẹ́ 34 sí 32. Nígbà tí eré ń lọ sópin, Michigan gbìyànjú láti gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dí méjèèjì. Ti ìkẹyìn, yáàdì 37, aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Wọ́n sì ti gbìyànjú láti gba ayò méjì lẹ́yìn touchdown nígbà méjì, wọn ò rí kankan. Àwọn èèyàn ń wí pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ẹni tó bá ka ìyẹn sí iṣẹ́ ìyanu ò tíì jókòó ka ayò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kíka orí èèyàn lórí pápá ńkọ́? Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ní 31 oṣù Kẹjọ 2023, Florida lọ bá Utah nílé. Utah fẹ́ gbá punt, Florida fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ó wá di pé méjì nínú àwọn Florida tó wà lórí pápá ló wọ nọ́ńbà 3. Yunifásítì fàyè gba kí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ kan wọ nọ́ńbà kan náà, torí wọ́n pọ̀ ju 100 lọ, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ jọ wà lórí pápá pọ̀. Ìyà náà fún Utah ní àǹfààní mẹ́rin tuntun, wọ́n sì fi gba touchdown. Wọ́n jẹ Florida 24 sí 11. Ẹgbẹ́ tó bá mètò á yan ẹnì kan síbi tí àwọn kóòṣì dúró sí, tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka orí, ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ aago náà wà níbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kan lè dá eré dúró nínú ìdajì kan. Bí wọ́n bá lo ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ torí pé wọn ò mọ ibi tí wọn yóò dúró sí, ẹ mọ̀ pé nǹkan ò tíì tò. Láti 2023, aago kì í dúró mọ́ bí ẹgbẹ́ bá ti rìn yáàdì 10 rẹ̀, àfi nínú ìṣẹ́jú 2 tó gbẹ̀yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní inú eré ti dín kù, èyí tí wọ́n bá fi ṣòfò wá ń dunni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, díẹ̀ ni màá sọ nípa rẹ̀. Ibi márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ti kan ara rẹ̀: ìka bo ṣóńṣó iwájú, àtẹ́lẹwọ́, apá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, iṣan apá òkè, egungun ìhà. Ọwọ́ tó kọjú sí ìta pápá ni kó fi gbé e, bó bá sì wọ àárín èrò, kó fi ọwọ́ kejì bò ó, bí ẹni tó gbé owó ọjà kọjá ní Òṣòdì. Bí ẹ bá rí i tí bọ́ọ̀lù ń jù fìrìfìrì lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sá, ẹ má pàtẹ́wọ́, ó ń bọ̀ wá bọ́.

Bí mo ṣe ń wo eré báyìí: mo mú pẹ́ńsùlù àti bébà kan, mo fa ìlà márùn-ún sí i. Bọ́ọ̀lù tí center jù tó ṣìnà. Ọ̀tá tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìyà tó dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó já bọ́, ọ̀tá ì báà mú un, kó má mú un. Ìdádúró tí wọ́n fi ṣòfò. Ìdajì ayé mi ni mo fi ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ojú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ìlà iwájú ni mò ń wò, bóyá èjìká wọn rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tá lọ, bóyá ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ wọn lọ síwájú tàbí ó lọ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ń wá bọ́ọ̀lù. Ó ṣòro fún bíi eré mẹ́ta, ojú á wá mọ́ ọn lára. Ìdíwọ̀n tèmi ni pé bí ọ̀tá bá bọ́ ju 10 lọ, tàbí ìyà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ju 3 lọ, ọkàn mi ò balẹ̀, àní ká borí pẹ̀lú 45 sí 10. Ọdún kan wà tí mo yọ̀ sí irú 45 bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ló bò wá láṣìírí, ẹgbẹ́ ńlá tó tẹ̀ lé e ló ṣí aṣọ.

Kí ẹ má sì ṣe ta ẹgbẹ́ yín nù lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Oregon tún na Michigan 2007 yẹn 39 sí 7 lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀yìn náà ni wọ́n borí nínú eré 8 léraléra. LSU 2022 parí sáà pẹ̀lú ìborí 10, wọ́n na Alabama 32 sí 31 pàápàá.

Bébà ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo máa ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì màá tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìlà kejì ni màá sì kọ́kọ́ wò. Bó bá ti 14 wá sí 7, mo mọ̀ pé wọ́n ti gbé àpò ńlá yẹn jáde láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá ṣì wà ní 14, mo ti mọ irú oúnjẹ tí màá jẹ lálẹ́ Sátidé títí di oṣù Kọkànlá.